Lẹ́tà sí Ẹ̀yin Ọmọ Mi Obìnrin Tí Ẹ Ń Ṣiṣẹ́ Òru

Ẹ̀yin ọmọ mi,

Ẹ kú iṣẹ́ òru, ẹ kú àìsùn. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ nínú yín ni yóò ka lẹ́tà yìí nígbà tí ilẹ̀ bá ti mọ́, tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ aṣọ iṣẹ́, tí ojú ń ta yín, tí ọmọ odó sì ti ń dún ní ilé kejì nítorí pé ẹnìkan níbẹ̀ fẹ́ gún iyán. Iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ni mo fi ọdún 34 ṣe ní Adó-Èkìtì níbí àti ní ìlú méjì mìíràn ní ìpínlẹ̀ wa kí n tó fẹ̀yìntì, nítorí náà mo mọ ohun tí ẹ ń là kọjá. Kì í sì í ṣe nọ́ọ̀sì nìkan ni mo ń bá wí. Mo ń bá ẹ̀yin tí ẹ ń po ìyẹ̀fun búrẹ́dì láti aago méjìlá òru sọ̀rọ̀, ẹ̀yin tí ẹ ń gba àlejò ní òtẹ́ẹ̀lì, ẹ̀yin tí ẹ ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà ilé iṣẹ́, àti ẹ̀yin tí ẹ ń fi kọ̀ǹpútà ṣiṣẹ́ fún àwọn ará Amẹ́ríkà nígbà tí ilẹ̀ tiwa ti ṣú.

Ọ̀rọ̀ tí mo ní nìyí: iṣẹ́ òru tí obìnrin bá ṣe fún ọdún gbọọrọ lè fi kún ewu pé kí ó ní jẹjẹrẹ ọyàn. N kò sọ ọ́ kí ẹ lè fi iṣẹ́ yín sílẹ̀, nítorí mo mọ̀ pé iṣẹ́ náà ni ẹ fi ń san owó iléewé àwọn ọmọ. Mo ń sọ ọ́ kí ẹ má ṣe gbà kí ẹnikẹ́ni sọ òru di tiyín títí ayé, àti kí ẹ lè mọ ọyàn yín bí ẹ ti mọ ojú yín.

Ara ènìyàn ní aago tirẹ̀. Bí ilẹ̀ bá ti ṣú, ohun kékeré kan láàárín ọpọlọ, tí kò tóbi ju hóró ìrẹsì lọ, yóò bẹ̀rẹ̀ sí í tú họ́mónù tí à ń pè ní melatonin sínú ẹ̀jẹ̀, òun ni ó sì ń kéde fún gbogbo ara pé alẹ́ ti lẹ́. Bí iná bá ń tàn sí wa lójú ní aago méjì òru, melatonin yóò dín kù, ara kò sì ní mọ̀ bóyá ọ̀sán ni tàbí òru. Nínú yàrá ìwádìí, wọ́n ti rí i pé melatonin a máa dá àwọn sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ ọyàn lọ́wọ́ kọ́ kí wọ́n má ṣe pọ̀ sí i. Ìdí nìyí tí onímọ̀ ará Amẹ́ríkà kan, Richard Stevens, fi dá a lábàá ní 1987 pé iná òru lè wà lára ohun tí ń fa àrùn yìí. Àtùpà ni àwọn ìyá wa ń tàn, wọ́n sì ń pa á kí wọ́n tó sùn.

Àwọn nọ́ọ̀sì Amẹ́ríkà, tí àwọn onímọ̀ ti ń tọpa ìlera wọn láti 1976, ni ó mú kí ọ̀rọ̀ náà di ohun tí gbogbo ayé gbọ́. Ìṣirò tí wọ́n gbé jáde ní 2001 lórí àwọn tí ó lé ní 78,000 nínú wọn fi hàn pé, lára àwọn tí ó ti ń pa òru pọ̀ mọ́ ọ̀sán fún ọdún 30 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ewu jẹjẹrẹ ọyàn fi nǹkan bí ìdá 36 nínú ọgọ́rùn-ún ga ju ti àwọn tí kò ṣe òru lọ. Ẹ má ṣe jẹ́ kí iye yẹn já yín láyà. Ohun tí ó túmọ̀ sí ni pé níbi tí ènìyàn 10 ì bá ti ní àrùn náà láàárín àwọn tí kò ṣe òru, a ó rí 13 tàbí 14 láàárín iye kan náà àwọn tí ó ṣe é pẹ́. Ní 2007, àjọ tí ń ṣèwádìí jẹjẹrẹ lábẹ́ Àjọ Ìlera Àgbáyé, tí ó wà ní ìlú Lyon ní ilẹ̀ Faransé, to iṣẹ́ òru mọ́ àwọn ohun tí ó ṣeé ṣe gan-an kí ó máa fa jẹjẹrẹ, wọ́n tún un yẹ̀ wò ní 2019, wọn kò sì yí ọ̀rọ̀ wọn padà. Ìpele kan náà ni wọ́n to ẹran pupa sí. Bí ẹ̀rí ti lágbára tó ni ìpele yìí ń sọ, kì í ṣe bí ewu ti tóbi tó.

N kò ní fi apá kejì pa mọ́ fún yín. Ní 2016, àwọn onímọ̀ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pa ìwádìí mẹ́wàá pọ̀, tí ó kan obìnrin mílíọ̀nù 1.4, wọ́n sì sọ pé àwọn kò rí i pé òru fi nǹkan kan kún ewu náà. Mo rò ó títí. Ohun tí mo rí ni pé ọjọ́ orí tí ènìyàn fi ṣe é àti iye ọdún tí ó fi ṣe é ni ó yẹ kí a wò, nítorí pé nígbà tí àwọn onímọ̀ Amẹ́ríkà padà sọ́dọ̀ àwọn nọ́ọ̀sì wọn ní 2017, àwọn tí ó ti ṣe òru fún 20 ọdún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ láti ìgbà èwe ni ewu wọn ga, nígbà tí ewu àwọn àgbà tí ó ti fẹ̀yìntì tipẹ́ kò yàtọ̀ mọ́. Nítorí náà ẹ̀yin ọ̀dọ́ ni mo kọ̀wé sí, kì í ṣe ẹgbẹ́ mi.

Ní ilẹ̀ Denmark, ìjọba ti san owó gbà-má-bínú fún àwọn obìnrin tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 40, tí wọ́n ní jẹjẹrẹ ọyàn lẹ́yìn iṣẹ́ òru ọ̀pọ̀ ọdún. Òfin iṣẹ́ ilẹ̀ tiwa, ní abala 55, kọ̀ kí a gba obìnrin síṣẹ́ òru ní ilé iṣẹ́ ẹ̀rọ àti ní iṣẹ́ oko, ṣùgbọ́n ó yọ nọ́ọ̀sì sílẹ̀. Èmi kò fẹ́ òfin tí yóò gba oúnjẹ lẹ́nu obìnrin, nítorí a kò lè fi aláìsàn sílẹ̀ lóru. Ṣùgbọ́n yíyọ tí wọ́n yọ wá kò túmọ̀ sí pé kí a máa ṣe é láìní òdiwọ̀n.

Ọ̀rẹ́ mi kan wà tí a jọ wọ ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì. Nígbà tí ó bí ọmọ kẹta, ó bẹ ọ̀gá wa pé kí wọ́n fi òun sí òru pátápátá kí òun lè máa tajà lọ́sàn-án. Wọ́n gbà láìbi í léèrè ìgbà tí yóò máa sùn, inú àwa yòókù sì dùn nítorí rọ́sítà wa fúyẹ́. Ọdún mọ́kànlá ni ó fi ṣe bẹ́ẹ̀. Lọ́jọ́ kan ọwọ́ rẹ̀ ba kókó kan ní ọyàn òsì, ó le bí èkùrọ́, kò sì dùn ún, ó wá sọ fún ara rẹ̀ pé ohun tí kò dunni kò lè jẹ́ nǹkan gidi. Nọ́ọ̀sì ni ó, ó mọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n ó ti rẹ̀ ẹ́. Oṣù mẹ́sàn-án ni ó fi pa á mọ́ kí ó tó fi hàn mí. A sin ín ní ọdún kejì. N kò lè fọwọ́ sọ̀yà pé òru ni ó fà á, kò sì sí ẹni tí ó lè sọ bẹ́ẹ̀ nípa ènìyàn kan ṣoṣo. Ohun tí ó dá mi lójú ni pé òru gba gbogbo àkókò tí ì bá fi wo ara rẹ̀, àti pé èmi náà jẹ nínú ìrọ̀rùn rọ́sítà yẹn.

Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí a pín òru náà. Bí ẹ bá wà níbi tí wọ́n ti ń ṣe rọ́sítà, ẹ sọ̀rọ̀. Àjọ tí ń mójú tó ìlera òṣìṣẹ́ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì dámọ̀ràn pé kí òru tí ènìyàn yóò ṣe tẹ̀léra má ṣe ju méjì tàbí mẹ́ta lọ. Méje ni a máa ń ṣe ní ìgbà tiwa. Bí ẹ bá dé ilé, ẹ fi aṣọ tí ó nípọn bo wíńdò, ẹ gbé fóònù jìnnà sí ibùsùn, kí ẹ sì sọ fún ará ilé pé oorun yín kì í ṣe ọ̀lẹ. Ẹ̀yin ìyálọ́mọ, ẹ má ṣe jẹ́ kí òru já ọmọ lẹ́nu ọmú ní kíákíá. Ìwádìí 2002 láti ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè fi hàn pé oṣù méjìlá kọ̀ọ̀kan tí obìnrin bá fi fún ọmọ lọ́mú ń dín ewu jẹjẹrẹ ọyàn kù ní ìdá 4.3 nínú ọgọ́rùn-ún. Ọtí àti sísanra jù lẹ́yìn tí nǹkan oṣù bá ti dáwọ́ dúró náà ń fi kún un. Ẹni tí ìyá tàbí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bá ti ní àrùn náà, kí ó sọ fún dókítà.

Lẹ́ẹ̀kan lóṣù, ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn tí nǹkan oṣù bẹ̀rẹ̀, ẹ fi ọwọ́ tẹ ọyàn yín dé abíyá. Ẹ wò ó bóyá kókó wà níbẹ̀, bóyá awọ ara rí gbágungbàgun bí èèpo ọsàn, bóyá orí ọmú wọlé tàbí ẹ̀jẹ̀ ń jáde níbẹ̀. Ẹ má ṣe sọ pé ẹ kéré, nítorí ọ̀pọ̀ obìnrin tí àrùn yìí ń mú ní ilẹ̀ wa kò tíì pé 50, wọ́n sì ń pẹ́ kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ dókítà. Bí wọ́n bá ní kí wọ́n mú díẹ̀ lára kókó náà láti yẹ̀ ẹ́ wò, ẹ gbà; ìyẹn kọ́ ni ó ń mú àrùn náà tàn.

Ilé ìwòsàn ìkọ́ni wà ní Adó, ọ̀kan sì wà ní Ìdó-Èkìtì. Ẹni tí ẹ̀rù bá ń bà láti dá lọ, kí ó wá pè mí. Mo ti fẹ̀yìntì, mo ní àyè láàárọ̀. N óò jókòó tì í lórí bẹ́ńṣì títí wọn yóò fi pe orúkọ rẹ̀.

Èmi ni ìyá yín,
nọ́ọ̀sì tí ó ti fẹ̀yìntì, Adó-Èkìtì.