Tọ́mọ bá fẹjọ́ sùn, ẹ má kọ́kọ́ gba fóònù lọ́wọ́ ẹ̀

Ẹ̀yin olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́ o.

Ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ iléèwé ló jẹ́ kí n kọ̀wé yìí, ó ti ń ká mi lára tipẹ́. Tọ́mọ bá wá bá ìyá tàbí bàbá ẹ̀ pé àwọn ọmọ kíláàsì òun ń bú òun lórí WhatsApp, ohun tí ọ̀pọ̀ òbí kọ́kọ́ máa ń ṣe ni pé kí wọ́n gba fóònù náà kí wọ́n lọ tì í mọ́ ibì kan, wọ́n á ní ọ̀rọ̀ ti parí nìyẹn. Ẹ jọ̀ọ́, ta lẹ fìyà jẹ báyìí? Àwọn tó ń bú u ṣì wà nínú gúrúùpù tí wọ́n ń rẹ́rìn-ín, ọmọ tiyín ló wá dá wà, tí nǹkan míì bá sì tún ṣẹlẹ̀ kò ní sọ fún yín mọ́ torí ó ti mọ ibi tó máa já sí.

Ẹni tí ò bá tíì rí i á rò pé eré ọmọdé ni. Wọ́n á ya fọ́tò ọmọ níbi tó ti ń tòògbé ní kíláàsì, wọ́n á sọ ọ́ di sítíkà, ohunkóhun tó bá ti sọ nínú gúrúùpù, sítíkà yẹn ni wọ́n á fi dá a lóhùn. Wọ́n á yọ ọ́ lálẹ́, wọ́n á tún fà á wọlé láàárọ̀ bíi pé kò sí nǹkan kan. Tẹ́lẹ̀, tọ́mọ bá ti délé ó ti bọ́ lọ́wọ́ àwọn tó ń dà á láàmú, àmọ́ ní báyìí wọ́n ń bá a dórí bẹ́ẹ̀dì. Tílẹ̀ bá wá mọ́, á ní inú ń run òun, òun ò lè lọ síléèwé, dókítà á yẹ̀ ẹ́ wò títí kò ní rí nǹkan kan.

Lọ́dún 2019, UNESCO, ìyẹn àjọ àgbáyé tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ẹ̀kọ́, sọ pé nínú ọmọ iléèwé 3, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ 1 làwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ ti fòòró níléèwé láàárín oṣù kan péré. Iléèwé ni wọ́n wí o. Nítorí náà, kí iléèwé yéé sọ pé ohun tó ṣẹlẹ̀ lórí fóònù ò kan àwọn, ṣebí àwọn ọmọ kan náà ló ń jókòó pọ̀ tílẹ̀ bá mọ́. Ẹ yan tíṣà kan tí gbogbo ọmọ mọ̀ pé àwọn lè lọ bá, ẹni tí kì í pariwo, tí ò sì ní lọ pe ọmọ jáde níwájú gbogbo iléèwé.

Ẹ̀yin òbí, ẹ kọ́kọ́ jẹ́ kó sọ ọ́ tán. Ẹ bá a ṣe screenshot kí wọ́n tó pa á rẹ́, ẹ jọ blọ́ọ̀kì wọn, kẹ́ ẹ wá gbé e lọ síléèwé. Tó bá jẹ́ torí kọ́mọ lè sùn dáadáa lẹ ṣe fẹ́ gba fóònù, òótọ́ ni pé ọmọ ọdún 13 sí 18 nílò oorun wákàtí 8 sí 10, àmọ́ gbogbo ilé ni kó gbé fóònù sí pálọ̀ lálẹ́, bàbá àti ìyá náà, kó má dà bíi pé ìyà ni.

Ẹ̀yin olóòtú, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún àwọn ọmọ náà láyè nínú ìwé ìròyìn yín kí wọ́n fẹnu ara wọn sọ ọ́, kẹ́ ẹ má kọ orúkọ wọn síbẹ̀.

Èmi ni tiyín,
Òbí kan tó ń ka ìwé ìròyìn yín