Ẹ fi etí odò Lọ́kọ́ja sílẹ̀ fún gbogbo wa

Okun o, olóòtú, ẹ kú iṣẹ́. Kábà ni mo ti ń kọ̀wé yìí, ọ̀rọ̀ etí odò Lọ́kọ́ja ló ń dùn mí lọ́kàn.

Ẹ bá mi wo Stanley Park, ọgbà ìgbafẹ́ ńlá kan ní Vancouver, ní Kánádà lọ́hùn-ún. Ọdún 1888 ni wọ́n ti ṣí i, ó tó éékà 1,000, igbó gidi ni, omi òkun sì fẹ́rẹ̀ẹ́ yí i ká tán. West End tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, ilé gogoro ló kún ibẹ̀, ilẹ̀ ibẹ̀ wọ́n bí ojú, síbẹ̀ wọn ò gé igbó yẹn fún àwọn bílídà. Ẹsẹ̀ làwọn tó ń gbé fúláàtì níbẹ̀ fi ń rìn débẹ̀, tó bá dìrọ̀lẹ́ wọ́n á jókòó sórí iyanrìn ní English Bay, wọ́n á fẹ̀yìn ti àwọn ìtì igi ńláńlá tó wà níbẹ̀, wọ́n á máa wo bóòrùn ṣe ń wọ̀, olówó àti mẹ̀kúnnù, kò sẹ́ni tó ń gbowó géètì lọ́wọ́ wọn.

Èyí tó wù mí jù ni ògiri òkúta tí wọ́n mọ yí i ká. Òkun ló ń jẹ ilẹ̀ ibẹ̀, ni wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1917, 1971 ni wọ́n tó mọ ọ́n yípo, ìjọba ń lọ ìjọba ń bọ̀ wọn ò pa á tì. Ó tó kìlómítà 9, orí ẹ̀ náà ni wọ́n ti ń najú, oníkẹ̀kẹ́ ní ọ̀nà tiẹ̀ lọ́tọ̀.

Àwa ńkọ́? Odò Ọya àti Bẹ́núè pàdé lọ́dọ̀ tiwa, ní 2012 àti 2022 omi wọlé àwọn èèyàn, ó bo ọ̀nà Ganaja mọ́lẹ̀, bó sì ṣe ń fà báyìí la tún ń kọ́lé síbẹ̀, ẹ̀yin èèyàn mi, kí là ń ṣe gan-an? Ibi tómi máa ń gbà, igi ló yẹ ká gbìn síbẹ̀, ká mọ òkúta sí bèbè ẹ̀, ká ṣe ọ̀nà táwọn ọmọ wa á máa rìn.

Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ohun kan wà tí a ò gbọdọ̀ kọ́ lára wọn o. Àwọn ọmọ onílẹ̀ tó ń gbé inú Stanley Park tẹ́lẹ̀, ńṣe ni wọ́n lé wọn jáde. Àwọn apẹja tiwa àtàwọn ìyá tó ń yan ẹja, ẹ jẹ́ kí wọ́n wà níbẹ̀, kí wọ́n kọ́ ṣẹ́ẹ̀dì tó dáa fún wọn.

Kí ìjọba ìpínlẹ̀ má fọwọ́ sí pláànù ilé kankan mọ́ létí omi yẹn, ohun tí mò ń bẹ̀bẹ̀ fún nìyẹn.

Èmi òǹkàwé yín, láti Kábà.