Ìdánwò COBOL: Ẹ Má Pa Á Rẹ́, Ẹ Tún Un Ṣe

Olóòtú ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn o. Mo ka lẹ́tà òǹkàwé yín tó ní ìdánwò ìwé-ẹ̀rí COBOL ti tó gbé sọnù, pé èdè kọ̀ǹpútà tí wọ́n ti ń lò láti 1960 kò yẹ kó tún máa gbowó ìdánwò lọ́wọ́ ọmọ ọlọ́mọ. Mo gbà fún un dé ààbọ̀. Ìdánwò tó bá jẹ́ pé àkọ́sórí nìkan ló ń bèèrè kò wúlò fún ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n orí bíbẹ́ kọ́ loògùn orí fífọ́.

Àwọn ará Japan ti ṣe ohun tí òǹkàwé yín ń fẹ́ yìí. Wọ́n ní ìdánwò ìjọba kan fáwọn òṣìṣẹ́ kọ̀ǹpútà, ó ti wà láti 1969, COBOL sì wà lára èdè téèyàn lè yàn láti fi dáhùn ìbéèrè. Ní oṣù kìíní ọdún 2019, àjọ IPA tó ń bójú tó o kéde pé àwọn máa yọ COBOL, àwọn á sì fi Python, èdè kọ̀ǹpútà míì, rọ́pò rẹ̀. Ìyẹn á tẹ́ òǹkàwé yín lọ́rùn. Àmọ́ nígbà tó máa fi di 2023, wọ́n ti yọ Python náà, wọ́n yọ C, wọ́n yọ Java, èdè àfiṣàpẹẹrẹ kan tí àwọn fúnra wọn ṣe ni wọ́n fi ń bi èèyàn léèrè báyìí. Ọjọ́ orí èdè nìkan kọ́ ni ìṣòro, àbí ọdún mélòó ni Python lò níbẹ̀?

Iṣẹ́ COBOL kò sì bá ìdánwò lọ. Ní oṣù kẹrin ọdún 2020, nígbà tí kòrónà gbaṣẹ́ lọ́wọ́ àwọn èèyàn ní Amẹ́ríkà, Gómìnà Phil Murphy ti New Jersey bọ́ síta, ó ń wá àwọn tó gbọ́ COBOL kí wọ́n wá yọ̀ǹda ara wọn, torí pé kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń sanwó ìrànwọ́ fáwọn tíṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ wọn ti lé lógójì ọdún. Nínú oṣù yẹn kan náà, IBM àti Open Mainframe Project sáré gbé ẹ̀kọ́ COBOL ọ̀fẹ́ jáde. Ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ dára. Àmọ́ tí gómìnà bá ń wá èèyàn ní pàjáwìrì, kí ló fẹ́ fi dá ẹni tó mọ̀ ọ́n mọ̀ yàtọ̀ sí ẹni tó kàn wo fídíò mẹ́ta?

Nílé wa níbí, COBOL ti ní kọ́ọ̀sì tirẹ̀ rí nínú ètò ẹ̀kọ́ ND tí NBTE ṣe fáwọn polí, èmi náà sì gba ibẹ̀ kọjá. IDENTIFICATION, ENVIRONMENT, DATA, PROCEDURE: a há ẹ̀ka mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tí pùrógíráàmù COBOL ń ní sórí bí ẹni ń ki oríkì, a dà á sínú ìwé ìdánwò, a gba máàkì. Ẹnikẹ́ni kò gbé pùrógíráàmù tí ẹlòmíì kọ fún wa rí pé ká wá àléébù inú ẹ̀. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ìyẹn gan-an niṣẹ́ náà. Ẹni tí wọ́n bá gbà síṣẹ́ COBOL lónìí, kò wọ́pọ̀ kí wọ́n ní kó kọ tuntun. Ohun tí bàbá kan kọ kó tó fẹ̀yìn tì ni wọ́n máa gbé ka iwájú rẹ̀.

Ẹ wo ìlà mẹ́ta yìí:

IF OWO < 5000
    MOVE "K" TO AMI
    SUBTRACT 50 FROM OWO.

Ẹni tí owó rẹ̀ kò bá tó 5000 ni wọ́n máa sàmì sí, tí wọ́n á sì yọ 50 lára owó rẹ̀. Àmì ìdánudúró tó wà ní ìparí ló pa ẹnu IF dé, torí END-IF, ọ̀rọ̀ tó ń fi òpin IF hàn, kò dé inú COBOL àfi ìgbà tí ìlànà 1985 jáde, àìmọye kóòdù ni wọ́n sì ti kọ ṣáájú ìgbà yẹn. Ká ní ọwọ́ ẹnì kan wá ṣèèṣì fi àmì ìdánudúró míì sẹ́yìn AMI. Kọ̀ǹpútà kò ní ráhùn. Pùrógíráàmù á ṣiṣẹ́ geere, á sì yọ 50 lára owó gbogbo oníbàárà, àti olówó àti tálákà.

Tàbí kí wọ́n bèèrè nípa PIC 9(6)V99, ìyẹn àyè nọ́ńbà tó gba òǹkà mẹ́fà ṣáájú àmì ìdá àti méjì lẹ́yìn rẹ̀. Àyè tó ní kò ju 999,999.99 lọ. Nígbà tí náírà ṣì níyì, ta ló máa rò pé owó oṣù ẹnì kan lè kọjá ibẹ̀? Ẹ MOVE 1,250,000 síbẹ̀ lónìí, 250,000 lẹ máa bá. Mílíọ̀nù kan ti pòórá, kò sì sí ìkìlọ̀ kankan nígbà tí pùrógíráàmù ń ṣiṣẹ́. Irú ìbéèrè tó yẹ kó wà nínú ìdánwò nìyí.

Ohun tí mò ń bẹ àwọn tó ń ṣe ìdánwò wọ̀nyí ni pé kí wọ́n fún ọmọ ní ẹgbẹ̀rún ìlà kóòdù àtijọ́, kí wọ́n sọ pé òfin owó orí ti yí padà, kó wá fi ibi tó máa fọwọ́ kàn hàn wọ́n, àti ibi tí kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn. Àwọn àgbà tó ti fẹ̀yìn tì ni kó máa máàkì í, nígbà tí wọ́n ṣì wà. Kí ó sì ṣeé ṣe lórí GnuCOBOL, irinṣẹ́ tó ń mú kí kóòdù COBOL ṣiṣẹ́, tó jẹ́ ọ̀fẹ́, tó sì ń ṣiṣẹ́ lórí láptọ́ọ̀pù lásán, torí ọmọ wo ló fẹ́ rí mainframe, kọ̀ǹpútà ràgàjì táwọn iléeṣẹ́ ńlá ń lò, nílé bàbá ẹ̀?

Mo ti kọ irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ díẹ̀ sílẹ̀, pẹ̀lú ìdáhùn wọn. Bí àyè bá wà lójú ìwé ẹ̀kọ́ yín, ẹ jẹ́ kí n gbọ́, màá fi wọ́n ránṣẹ́. Kí òǹkàwé yín náà gbìyànjú wọn wò.

Èmi ni tiyín,
Òǹkàwé yín ní Mọ́kọ́lá, Ìbàdàn