Hilux àtijọ́ kò le ju tuntun lọ, ìdọ̀tí ló lè fara dà

Olóòtú, ẹ kú iṣẹ́ o.

Ọ̀rọ̀ kan ti di orin lẹ́nu àwọn tó ń ra píkọ́ọ̀pù: "Irin gidi ni Hilux àtijọ́, ike ni tuntun." A ò fara mọ́ ọn. Ohun tí ẹ́ńjìnnì àtijọ́ fi ju tuntun lọ ni pé ó lè fara da ìdọ̀tí.

Ẹ mú ẹ́ńjìnnì dísẹ́ẹ̀lì Hilux méjì: 5L tó jẹ́ ti àtijọ́, àti 1KD tó tẹ̀lé e, èyí tí wọ́n ń pè ní D-4D. Wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ tóbi bákan náà: 2,986 cc àti 2,982 cc. Síbẹ̀, agbára ẹṣin 5L kò jìnnà sí 100, ti 1KD sì lé ní 160. 1KD ní tọ́bò lóòótọ́, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń ti afẹ́fẹ́ púpọ̀ wọ inú ẹ́ńjìnnì, àmọ́ ọ̀nà tí dísẹ́ẹ̀lì ń gbà wọlé ni kókó. Nọ́sù 5L, ẹnu tó ń fọ́n epo, ń ṣí ní nǹkan bí 150 bar (bar ni òṣùwọ̀n agbára tó ń ti epo), pọ́ǹpù rẹ̀ kò sì ní kọ̀ǹpútà kankan. Ti 1KD ń fọ́n epo ní ohun tó lé ní 1,300 bar. Pẹ̀lú irú agbára bẹ́ẹ̀, omi díẹ̀ tàbí eruku tí ojú ò rí ti tó láti gé ẹnu nọ́sù jẹ.

Abẹ́ nọ́sù yẹn gan-an ni 1KD ti ń pa olówó rẹ̀ lẹ́kún. Wọ́ṣà bàbà kan ló ń dènà iná inú sílíńdà níbẹ̀. Bó bá ń jò, èéfín á gba abẹ́ ìdérí ẹ́ńjìnnì wọ inú ọ́ìlì, á sọ ọ́ di ẹrẹ̀ dúdú, ẹrẹ̀ náà á sì dí asẹ́ tí ọ́ìlì ń gbà gòkè nínú sọ́ọ̀mpù, àwo ọ́ìlì tó wà nísàlẹ̀ ẹ́ńjìnnì. Tọ́bò á lọ, bíárìnnì á tẹ̀lé e. Olówó á máa búra pé ọ́ìlì kún nígbà tí òun wọ̀n ọ́n. Òótọ́ ló sọ. Ó kún, kò rí ọ̀nà gòkè ni. Ẹni tó bá fẹ́ rà á, kó ní kí wọ́n tú sọ́ọ̀mpù kó tó sanwó. Ìgbàkígbà tí wọ́n bá sì yọ nọ́sù, wọ́ṣà tuntun ni kí wọ́n fi dá a padà.

Ooru ni àrùn 5L. Awakọ̀ á tẹ iná mọ́lẹ̀ lórí òkè nítorí kò sí tọ́bò. Bí rédíétọ̀ bá ti dí, orí ẹ́ńjìnnì á sán láàárín àwọn fáàfù. Ẹ ó rí i tí omi rédíétọ̀ ń dínkù láìjò síta, páìpù òkè rédíétọ̀ á sì le gbagidi kí ẹ́ńjìnnì tó gbóná. Gáàsìkẹ́ẹ̀tì tuntun kò lè wo ìyẹn.

Bẹ́líìtì táímìn, tó ń mú kí fáàfù ṣí lásìkò, ni 5L àti 1KD ń lò. Ẹ́ńjìnnì 1GD tó dé ní 2015 ti fi ṣéènì rọ́pò rẹ̀, ṣùgbọ́n epo rẹ̀ ń lé ní 2,000 bar, òmíràn sì ní asẹ́ èéfín tí ìrìn kúkúrú ń dí, torí kì í gbóná tó láti jó èédú inú rẹ̀. Ọ́ìlì lásán náà ń fi eérú tí kì í jó sílẹ̀ síbẹ̀, nítorí náà ọ́ìlì tí ìwé ọkọ̀ dárúkọ ni kẹ́ ẹ rà.

Ẹni tí epo tó ń rí kò mọ́, 5L ló yẹ ẹ́. Ẹni tó bá fẹ́ D-4D tàbí 1GD, kó máa tú kókó ìdí fílítà dísẹ́ẹ̀lì díẹ̀, kó fi pọ́ǹpù ọwọ́ lé omi jáde títí dísẹ́ẹ̀lì tó mọ́ á fi yọ. Kó má dúró de iná ojú dáṣíbọ́ọ̀dù.

Àwa mẹkáníìkì ọkọ̀ dísẹ́ẹ̀lì, òǹkàwé yín