Ẹ Má Fi Iye Owó Nìkan Dá Àwa Oníṣòwò Ẹ̀pà Lóhùn

Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Oníṣòwò ẹ̀pà àti kajú ni mí, ojú ìwé ọjà yín kì í sì í fò mí. Iye owó lẹ máa ń gbé síbẹ̀. Kò burú, àmọ́ kí ilẹ̀ tó mọ́ ni ìròyìn owó ti ń dé etí wa. Ìdí tí wọ́n fi ń dá ẹrù wa padà ni a kò rí ẹni sọ.

Tí oníbàárà bá fẹ́ yẹ kajú wò, á bu kílò kan, á ka kóró inú rẹ̀, á là wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, á ya èyí tó ti bàjẹ́ sọ́tọ̀. Ohun tó bá kù ló fi ń ṣírò iye pọ́n-ùn ọmọ kajú tí àpò 80 kílò yóò mú jáde. KOR ni wọ́n ń pè é, orí rẹ̀ sì ni owó wa wà. Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ wa kò tíì fojú rí i rí. Èsì nìkan ni wọ́n ń já lù wá.

Ti ẹ̀pà ló burú jù. Àwọn tó ń fọwọ́ bó o máa ń wọ́n omi sí i kí èèpo lè rọ̀, omi yẹn ló sì ń jẹ́ kó bu nínú àpò. Olú tó ń hù lára rẹ̀ ló ń pèsè májèlé aflatoxin, tí sísun kì í mú kúrò tán. Tòlótòló tó ju 100,000 tó kú nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1960 ló tú àṣírí rẹ̀. Ẹ̀pà ló wà nínú oúnjẹ wọn. Kóró díẹ̀ péré ló sì lè gbé májèlé náà nínú odindi àpò, nítorí náà ẹ̀kúnwọ́ kan tí a bù lókè kò sọ nǹkan kan fún wa.

Wọ́n ní ọ̀rinrin ẹ̀pà tí a ti bó kò gbọ́dọ̀ ju bí ìdá 7 nínú 100 lọ. Àwa rèé, etí la fi ń wọ̀n ọ́n: a ó gbọn ẹ̀pà eléèpo, bó bá ń dún, ó ti gbẹ nìyẹn. Etí wo ló fẹ́ mọ ìdá 7 yàtọ̀ sí ìdá 10?

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa wá ẹni tó ń ṣe àyẹ̀wò yìí, kó ṣàlàyé rẹ̀ ní Yorùbá, pẹ̀lú àwòrán, kí ìkórè tó bẹ̀rẹ̀. Kó má fi ààyè ṣòfò lórí títẹ́ pákó sábẹ́ àpò. Gbogbo ọjà ló mọ ìyẹn. Ẹ̀rọ tó ń wọn ọ̀rinrin ni kó kọ́kọ́ sọ: báwo la ṣe ń yí i sí ti ẹ̀pà, nígbà tó jẹ́ pé ti àgbàdo ló wà lórí rẹ̀ nígbà tí wọ́n tà á fún wa?

Èmi ni tiyín,
Òǹkàwé yín tó ń ta ẹ̀pà