Sátánì Kọ́ Ló Kọ́ Afárá Regensburg

Olóòtú wa,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ka ohun tí ẹ kọ lọ́sẹ̀ tó kọjá nípa ìlú Regensburg ní Bavaria, lórílẹ̀-èdè Jámánì, fọ́tò ẹ̀ dáa gan-an, àmọ́ ìtàn Sátánì tí ẹ gbé sáàárín ẹ̀ bí ẹni pé ó ṣẹlẹ̀ lóòótọ́ yẹn ni mi ò lè gbé mì. Ẹ ní ọ̀gá tó ń kọ́ afárá àti ọ̀gá tó ń kọ́ kàtídírà jọ ta tẹ́tẹ́ pé ta ló máa kọ́kọ́ parí, ọ̀gá afárá rí i pé òun ò ní lè bá a, ló bá lọ bá Sátánì ṣàdéhùn pé ẹ̀mí mẹ́ta tó bá kọ́kọ́ gba orí afárá kọjá á di tiẹ̀, ìgbà tí iṣẹ́ wá parí ló lé àkùkọ, adìẹ àti ajá gba ibẹ̀. Ó dùn, Ìjàpá gan-an ò lè ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àmọ́ ẹ wo ọdún ẹ̀ ná: 1135 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ afárá yẹn, ó parí ní 1146. Kàtídírà tó wà níbẹ̀ báyìí, ìgbà tí iná jó ti tẹ́lẹ̀ ní 1273 ni wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ ẹ̀, ṣóńṣó orí ẹ̀ méjèèjì ò sì parí àfi ní 1869. Níbo ni ọ̀gá méjèèjì ti wá pàdé?

Ká tiẹ̀ fi àlọ́ sílẹ̀. Ìlú tí àwọn sójà Róòmù ti kọ́ bárékè sí létí odò Danube láti ọdún 179, tí Olú-ọba Frederick Barbarossa ti kó ọmọ ogun Kírúséèdì, ogun ẹ̀sìn àwọn Kristẹni, gbéra ní 1189, ìlú yẹn ò wá ìtàn tì.

Èyí tó wá dùn mí jù ni ibi tí ẹ ti ní ogun Hitler fojú fo ìlú náà. Fojú fo bí i ti báwo? Ní August 1943 Amẹ́ríkà ju bọ́ǹbù sí ilé iṣẹ́ Messerschmitt tó ń ṣe ọkọ̀ òfuurufú ogun níbẹ̀. Nígbà tó wá di April 1945, tí Amẹ́ríkà ti sún mọ́ tòsí, àwọn aṣáájú Násì ní àwọn ò ní túúbá, làwọn obìnrin ìlú bá kóra jọ ní ọjọ́ kẹtàlélógún pé kí wọ́n fa ìlú sílẹ̀ láìjà. Johann Maier, oníwàásù kàtídírà, dìde láti bá wọn bẹ̀bẹ̀, kò tíì sọ̀rọ̀ tán tí wọ́n fi gbé e. Òru ọjọ́ yẹn náà ni wọ́n dájọ́ ẹ̀, kí ilẹ̀ tó mọ́ wọ́n ti so ó kọ́ ní gbangba, òun àti Josef Zirkl, wọ́n fi páálí kọ́ ọ lọ́rùn pé òbàyéjẹ́ ni. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n, Amẹ́ríkà wọlé, kò sí ìjà kankan. Ọ̀rọ̀ ọkùnrin yìí ò sí nínú àpilẹ̀kọ yín rárá, Sátánì wá gba odidi ìpínrọ̀ méjì!

Ẹ má rò pé ẹni ire nìkan ló ń ti ipò yẹn jáde ṣá o. Oníwàásù kàtídírà mìíràn níbẹ̀ láyé àtijọ́, Balthasar Hubmaier, ló ń fi ìwàásù tanná ran àwọn èèyàn sí àwọn Júù ìlú náà, kò sì jẹ́ kó sú òun. Ìgbà tí Olú-ọba Maximilian kú ní January 1519, tí kò sẹ́ni tó máa gbèjà wọn mọ́, ìgbìmọ̀ ìlú lé gbogbo wọn jáde, wọ́n ju ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta lọ, wọ́n wó sínágọ́gù, wọ́n hú òkúta sàréè wọn, àwọn kan fi mọ ògiri ilé. Albrecht Altdorfer, ayàwòrán tó lókìkí, wà nínú ìgbìmọ̀ yẹn, òun náà ló sì ya inú sínágọ́gù kí wọ́n tó wó o, àwòrán yẹn ṣì wà dòní.

Torí náà ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa tún ọ̀rọ̀ abẹ́ fọ́tò kejì yín ṣe. Kọnkéré funfun tí àwọn ọ̀dọ́ jókòó lé ní Neupfarrplatz, gbàgede tí sínágọ́gù yẹn wà tẹ́lẹ̀, tí wọ́n ń jẹ búrẹ́dì, kì í ṣe bẹ́ǹṣì. Dani Karavan, ará Ísírẹ́lì, ló tò ó síbẹ̀ ní 2005, bí ìpìlẹ̀ sínágọ́gù yẹn ṣe rí gẹ́lẹ́ ló ṣe tò ó.

Èmi ni,
Òǹkàwé yín, Ìbàdàn