Lẹ́tà sí Múfú: Ẹja Pípa Lórí Túùbù ní Èbúté San Diego

San Diego, Kalifọ́níà

Múfú ọ̀rẹ́ mi,

O kú ilé o. Màmá ńkọ́? Ṣé orúnkún wọn ti ń fúyẹ́? Bá mi kí wọn dáadáa, kí o sì kí àwọn ará Ẹ̀pẹ́ tó bá béèrè mi.

Mo rí gbogbo ẹ̀fẹ̀ tí o fi fọ́tò mi ṣe. O ní mo wọ bàálù dé Amẹ́ríkà tán, inú túùbù táyà ni mo wá jókòó sí. O bú mi tán, o wá bi mí léèrè ọ̀rọ̀ gidi: kí ló dé tí mi ò ra ọkọ̀? Ọ̀rẹ́ mi, ọkọ̀ ń fẹ́ ibi tí yóò sùn, ó ń fẹ́ ẹ́ńjìnnì, ó ń fẹ́ epo, ó ń fẹ́ ìwé. Túùbù yìí, bí mo bá ti tú afẹ́fẹ́ inú rẹ̀, búùtù mọ́tò gbà á.

Kì í sì í ṣe túùbù táyà bí o ṣe rò. Float tube ni wọ́n ń pè é. Afẹ́fẹ́ wà lápá ọ̀tún àti lápá òsì, àga wà láàárín, iwájú ṣí sílẹ̀ kí ẹsẹ̀ lè wọnú omi. Ṣòkòtò tí omi kì í wọ̀, tó gùn dé àyà, ni mo ń wọ̀, torí òkun ibí tutù, kì í ṣe ẹgbẹ́ ọ̀sà tiwa rárá. Ẹ̀wù tí kì í jẹ́ kí èèyàn rì kò gbọdọ̀ kúrò lọ́rùn mi. Bàtà tí mo ń kì bọ ẹsẹ̀ fẹ̀ gbẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀ bí ẹsẹ̀ pẹ́pẹ́yẹ, òun ni mo fi ń tukọ̀, kò sí àjẹ̀. Ibi tó máa pa ọ́ lẹ́rìn-ín rèé: ẹ̀yìn la fi ń lọ. Bí o bá ṣe ń ta ẹsẹ̀ ni túùbù á máa fi ẹ̀yìn fà ọ́ lọ, ọrùn á sì máa ro ọ́ nítorí pé o ń wẹ̀yìn ní gbogbo ìgbà.

Etí Shelter Island ni mo ti ń wọ omi. Wọ́n pè é ní erékùṣù, ṣùgbọ́n iyanrìn tí wọ́n wà jáde látinú omi ni wọ́n fi ṣe é, ojú ọ̀nà kan ló so ó mọ́ ìlú. Mi ò jẹ́ gbé ẹsẹ̀ sókè bí mo bá ń wọlé, ńṣe ni mo ń wọ́ ọ nílẹ̀. Ẹja pẹlẹbẹ kan wà níbẹ̀ tó máa ń sin ara rẹ̀ sínú iyanrìn, oró sì wà nínú ẹ̀gún ìrù rẹ̀. Bó bá gbọ́ ẹsẹ̀ tó ń wọ́ bọ̀, á sá. Ẹni tó bá tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, ọjọ́ onítọ̀hún bàjẹ́ nìyẹn.

Òwúrọ̀ ni mo máa ń lọ, torí tó bá di ọ̀sán, atẹ́gùn á máa fẹ́ látojú òkun, àtipadà sétí omi á wá di iṣẹ́. Mo sì máa ń wo ìgbà tí omi ń wọlé tàbí tó ń fà. Bí omi bá dúró, ẹja náà á dúró. Ẹja tí mo ń wá ni spotted bay bass, ẹja àwọ̀ ilẹ̀ tí àmì tótòtó kún ara rẹ̀ dé ẹ̀rẹ̀kẹ́. Inú koríko abẹ́ omi àti ìdí òpó ibi ìgúnlẹ̀ ọkọ̀ ló ń lúgọ sí. Ẹja rọ́bà kékeré ni mo ń fi sẹ́nu ìwọ̀ olójé, màá jẹ́ kó rì kan ilẹ̀, màá wá máa fà á díẹ̀díẹ̀ lẹ́bàá koríko. Òwú á kàn le gan-an lójijì, ọ̀pá á tẹ̀, ẹja á dorí kọ inú koríko. Níwọ̀n bí kò ti sí ìdákọ̀ró, ẹja tí kò tó kílò kan á yí èmi àti àga mi po. Mo ti tó géńdé o, Múfú! Bí mo bá fi àtàǹpàkò di ètè ìsàlẹ̀ rẹ̀ mú, ẹ̀gún ẹ̀yìn rẹ̀ á nà ṣánṣán, á máa fi ojú wò mí bí ẹni tí mo jẹ ní gbèsè.

Ọ̀tá mi níbẹ̀ ni sea lion, ẹranko onírunmú tó ń gbé inú òkun. Ó lè já ẹja gbà lẹ́nu ìwọ̀ kí o tó fà á dé ọ̀dọ̀ rẹ. Ti ọkọ̀ ogun kò le tó bẹ́ẹ̀. Òdìkejì omi ni ibùdó North Island wà, níbi tí àwọn ọkọ̀ ogun tó ń gbé bàálù ti ń gúnlẹ̀. Òfin ni pé a kò gbọ́dọ̀ sún mọ́ ọkọ̀ ogun tó yáàdì 100. Ta ló tiẹ̀ fẹ́ fi túùbù sún mọ́ ọn?

Wàá bi mí pé ọbẹ̀ wo ni mo fi ẹja náà sè. Mi ò sè é. Mo ń dá a padà sómi. Èyí tí kò bá tó ínǹṣì 14, òfin kò gbà kéèyàn mú un lọ, ọ̀pọ̀ èyí tí mo ń pa kò sì tó bẹ́ẹ̀. Yàtọ̀ síyẹn, ìjọba ìpínlẹ̀ ti kìlọ̀ pé májèlé bíi mẹ́kúrì àti kẹ́míkà PCB wà nínú ẹja èbúté yìí, wọ́n sọ ìwọ̀n tí èèyàn lè jẹ, ti àwọn ọmọdé àti obìnrin tó ṣì lè bímọ sì kéré jù. Má sọ fún Màmá ṣá. Bí wọ́n bá gbọ́ pé mo pa ẹja tán, mo tún jù ú sómi, wọ́n á ní kì í ṣojú lásán.

Má dán an wò lọ́sà wa o. Ewé orí omi, ọkọ̀ eré àti àwọn tó ń wa iyanrìn kò ní jẹ́ kó dẹrùn. Ṣùgbọ́n bí físà rẹ bá jáde, mo ti mọ ẹni tí màá yá túùbù kejì lọ́wọ́ rẹ̀. Gba ìwé àṣẹ ìpẹja tẹ́lẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, torí orí afárá ìpẹja tó jẹ́ ti gbogbo ìlú nìkan ni wọn kì í ti béèrè rẹ̀.

Jọ̀wọ́, bí o bá dé ọjà Olúwo, bá mi ra ẹja yíyan tó gbẹ dáadáa pa mọ́. Àbúrò ìyàwó mi ń bọ̀ wá gbà á kó tó wọkọ̀. Má ṣe jẹ́ kí wọ́n fún ọ ní èyí tó ti ní ìdin o.

Èmi ni,
Káyọ̀dé